Gbígbin Tòmátì sínú Ìkòkò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ tòmátì ni, tòmátì tí à ń lọ̀ mọ́ ata, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní tìmáàtì. Mo fẹ́ sọ fún yín bí ẹni tí kò gbin nǹkan kan rí, tí kò sì ní ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ẹní kan, ṣe lè gbìn ín sínú ìkòkò ní ilé rẹ̀, kí ó sì jẹ nínú èso rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni ará Ìlọrà ń fi ìkòkò ṣe nígbà tí oko wà? Ìbéèrè náà dára. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ yóò mọ Fìdítì, nítorí ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ni ó máa ń kí àlejò káàbọ̀ ní ẹ̀bá títì níbẹ̀. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé oko ní ọdún 1959, Ìlọrà wà lára àwọn ibi tí wọ́n dá a sí. Ọmọ oko ni wá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú tòmátì tí à ń jẹ, láti Òkè Ọya ni ó ti ń wá. Inú apẹ̀rẹ̀ ni ó ń jókòó sí lórí ọkọ̀ láti Kánò àti Kàdúná títí yóò fi dé ọjà wa, tí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yóò sì ti fọ́.

Nígbà tí ọ̀nà bá dán, a kì í rántí pé ibi tí ó ti ń wá jìnnà. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni à ń mọ̀. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ibẹ̀ fi kéde rẹ̀ bí ọ̀ràn pàjáwìrì. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, wọ́n sì ti ọjà náà pa. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ oúnjẹ tí ń bọ̀ láti Òkè Ọya dúró. Ó di inú oṣù kẹta kí ọkọ̀ tó tún máa rìn. Ní àkókò náà, mo rán ọmọ mi lọ sí ọjà pẹ̀lú owó tòmátì, owó náà ni ó gbé padà wá sí ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la, bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ nípa ọ̀gbìn. Mo ya igi tòmátì sí ojú pátákó, mo ya gbòǹgbò, mo ya ewé, mo ya òdòdó. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti gbin tòmátì rí?” Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Mo ní, “Rárá, n kò gbìn ín rí.” Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ogún ọdún ni mo ti fi ń ya àwòrán igi yẹn.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀. Mo wá agolo mílíìkì mẹ́ta, mo bu erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sínú wọn, mo gbin èso sí i. Nítorí ìbẹ̀rù ewúrẹ́ àti adìẹ, mo kó wọn sí orí àpótí ìwé nínú pálọ̀. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, mo ń bu omi sí wọn. Wọ́n hù lóòótọ́, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi ga jù, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí wọ́n sì funfun bí ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá gbogbo wọn tí wọ́n ti wó lulẹ̀. Ìdí wọn ti rà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó pa wọ́n, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ òní wà. Èkínní, òkùnkùn: igi tí ó ga tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, oòrùn ni ó ń wá kiri. Èkejì, agolo mi kò ní ihò nísàlẹ̀, nítorí náà omi kò rí ibi jáde. Ẹ̀kẹta, èmi fúnra mi. Mo fẹ́ràn wọn jù, mo sì fi omi pa wọ́n. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Igi tí ó wà lóko lè tọ́jú ara rẹ̀ dé àyè kan. Bí omi bá pọ̀, ilẹ̀ yóò fà á mu. Bí omi bá wọ́n, gbòǹgbò yóò wá a lọ sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń mì ín, kòkòrò ń bẹ òdòdó rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n igi inú ìkòkò dà bí ọmọ tí a gbé fún alágbàtọ́. Ohun tí a kò bá gbé fún un, kò ní i. Ohun tí a bá gbé fún un lágbèéjù, kò rí ibi sá sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí ìkòkò yóò wà. Tòmátì ń fẹ́ oòrùn tààrà fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, iṣẹ́ yín nìyí. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ wo ojú fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Bí oòrùn bá kan ibẹ̀, ẹ fa igi kan. Ní alẹ́, ẹ ka iye igi tí ẹ fà. Ibi tí ó bá ní mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ibùgbé tòmátì yín. Bí ó bá jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ sì máa yí ìkòkò náà díẹ̀ lójoojúmọ́ kí igi má baà tẹ̀ sí apá kan. Bí oòrùn ibẹ̀ kò bá tó, ẹ máa gbé e jáde láàárọ̀, kí ẹ sì gbé e wọlé nírọ̀lẹ́ kí ewúrẹ́ tó kọjá.

Ìkòkò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ìdí láti ra èyí tí ó dára lójú. Ike ọ̀dà tí ó ti ṣófo, garawa tí ó ti jò, tàbí àpò ìrẹsì tí a ká etí rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn dára. Kí ó ṣáà gba bíi lítà mẹ́wàá erùpẹ̀. Bí ó bá gba ogún, ó tún sàn jù. Kí ẹ fọ ike ọ̀dà mọ́ tónítóní. Ẹ lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀, kí ihò kọ̀ọ̀kan tóbi tó pẹ́ńsù. Ẹ gbé e ka orí òkúta méjì kí omi lè máa kán jáde. Bí ó bá jẹ́ inú yàrá ni, ẹ fi àwo sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa da omi tí ó bá dúró nínú àwo náà nù.

Nísinsìnyí, erùpẹ̀. Ata, ìgbá, òdú, ọ̀gùmọ̀ àti tábà, ìbátan tòmátì ni gbogbo wọn, àìsàn kan náà sì lè ṣe wọ́n. Nítorí náà, ẹ má ṣe bu erùpẹ̀ níbi tí a ti gbin èyíkéyìí nínú wọn láìpẹ́. Àìsàn kan wà nínú ilẹ̀ tí ó máa ń mú kí igi tòmátì rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ gé ìdí igi náà, kí ẹ gbé e sínú ife omi tí ó mọ́. Bí ohun funfun bíi mílíìkì bá ń ṣàn jáde láti ojú ibi tí ẹ gé, àìsàn náà ni. Kò ní oògùn. Ẹ sun igi náà, kí ẹ sì da erùpẹ̀ rẹ̀ sí ibi tí ó jìnnà sí ọgbà.

Ẹ bu ilẹ̀ dúdú agolo méjì, ajílẹ̀ agolo kan, àti iyanrìn odò agolo kan, kí ẹ pò wọ́n pọ̀. Iyanrìn ni yóò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà. Ìgbẹ́ adìẹ ni ajílẹ̀ tí ó rọrùn jù láti rí ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò bí iná. Ẹ kó o jọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta títí kò fi ní gbóná mọ́, tí kò sì ní rùn mọ́.

Ní ti èso, ẹ lè ra páálí kékeré lọ́wọ́ àwọn tí ń ta nǹkan ọ̀gbìn. Èyí tí à ń pè ní Roma dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í ga jù. Ẹ sì lè mú tòmátì kan tí ó pọ́n dáadáa láti inú ti ọbẹ̀. Ẹ fún èso inú rẹ̀ sínú ife pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Omi tí ó ń yọ̀ tí ó bo èso yẹn kì í jẹ́ kí ó hù dáadáa. Yóò kan, yóò sì bọ́. Èyí tí ó bá rì sí ìsàlẹ̀ ni ó dára. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí ibòji lórí àwo.

Ìgbà wo ni kí a gbìn ín? Mo gba yín níyànjú pé kí ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ìdí rẹ̀ ni pé òdòdó tòmátì kì í fẹ́ òru tí ó gbóná. Bí òru bá gbóná jù, òdòdó yóò rẹ̀ láìso. Òru ọyẹ́ tí ó tutù wà lára ohun tí ó jẹ́ kí tòmátì rọ àwọn ará Òkè Ọya lọ́rùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá gbìn ín ní oṣù kẹwàá, òdòdó yóò bọ́ sí àkókò ọyẹ́, ẹ ó sì ká èso ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì. Ní àkókò òjò, ọ̀rinrin ń mú kí ewé tètè rà, oòrùn pẹ̀lú kì í sì í tó.

Ẹ fi agolo kékeré tí a lu ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da omi híhó sí erùpẹ̀ inú rẹ̀ láti pa ohun tí ń mú kí ìdí ọ̀gbìn rà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Ẹ fi èso mẹ́ta sí i, kí ó má jìn ju gígùn èékánná lọ. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, yóò hù. Ní ọjọ́ tí ó bá yọ orí ni kí ẹ gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Bí ó bá ti dúró dáadáa, ẹ fi èyí tí ó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ gé ìyókù. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ènìyàn, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta kò lè sùn sórí ẹní ọmọ kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó bá ti ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ṣí i sínú ìkòkò ńlá ní ìrọ̀lẹ́. Igi kan ṣoṣo fún ìkòkò kan. Ẹ rì í jìn ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, kí erùpẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ewé ìsàlẹ̀. Ara igi tòmátì tí ó wọlẹ̀ yìí yóò yọ gbòǹgbò tuntun, ìdí rẹ̀ yóò sì le. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ri ọ̀pá tí yóò fara tì mọ́ ọn, kí ọ̀pá má baà gún gbòǹgbò lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi aṣọ tí ó rọ̀ so ó, kí ó má fún un lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó kù, òun ni mo sì bẹ̀rù jù. Ẹ má ṣe fi aago bu omi. Ìka ni kí ẹ fi bu ú. Ní àárọ̀, ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ìka bá ní ọ̀rinrin, ẹ fi igi náà sílẹ̀. Bí ìka bá gbẹ, ẹ bu omi sí ìdí rẹ̀, kì í ṣe sí ewé, títí yóò fi kán jáde nínú ihò. Ẹ tún máa wo ewé. Bí ewé bá rọ ní ọ̀sán, tí ó sì jí ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ni. Bí ó bá rọ ní àárọ̀, tí erùpẹ̀ sì gbẹ, òùngbẹ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọ nígbà tí erùpẹ̀ ṣì tutù, ẹ má tún bu omi sí i o! Bóyá ìdí rẹ̀ ni ó ń rà, tàbí àìsàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Bí òdòdó bá yọ, ẹ mọ̀ pé òdòdó tòmátì ní akọ àti abo nínú ara rẹ̀. Lóko, afẹ́fẹ́ àti oyin ni ó ń mì ín tí lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ fi ń bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Nínú ilé, afẹ́fẹ́ kò tó, oyin kò sì wọlé. Ẹ̀yin ni oyin. Ní bíi aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ fi ìka ta ẹ̀yìn òdòdó náà jẹ́jẹ́. Láti ìgbà yìí, ẹ máa bu ajílẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí ìdí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí igi tí ó bá yó jù, ewé ni yóò máa yọ, kò ní so.

Bí ìdí èso bá dúdú tí ó sì rà, ẹ má wá kòkòrò. Omi ni kò lọ déédéé, òní púpọ̀, ọ̀la òfo, tí ohun tí ń mú ara èso le kò fi rí ọ̀nà dé ibẹ̀. Bí eṣinṣin funfun kéékèèké bá wà lábẹ́ ewé, ẹ fi aṣọ àti omi ọṣẹ nù wọ́n kúrò. Ẹni tí ó bá ń fín áṣáà tàbí tí ó ń mu sìgá, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan igi náà, nítorí àìsàn inú tábà lè ràn án.

Ọ̀nà tí tòmátì gbà dé ọ̀dọ̀ wa jìn. Ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn ará Mẹ́síkò ni wọ́n ń pè é ní tomatl, orúkọ náà ni ó sì di tòmátì lẹ́nu wa. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé májèlé ni. Wọ́n ń gbìn ín fún ẹwà lásán. Lónìí, ilé iṣẹ́ ìwádìí NIHORT, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, ní tòmátì lára ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí tèmi ti rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà mo tún gbìn ín, lẹ́ẹ̀kejì, sínú ike ọ̀dà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Mo ká mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. N kò ní tàn yín jẹ: kò tó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ní ilé mi. Ìkòkò kan kò lè rọ́pò ọjà, kò sì lè rọ́pò àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí apẹ̀rẹ̀ tòmátì lórí ọkọ̀, mo mọ iye ọjọ́, iye omi àti iye àníyàn tí ó wà nínú rẹ̀, n kò sì tún ná an lọ́wọ́ ìyá tí ń tà á bí ẹni pé ó jí i kó.

Mo gbé ìkòkò náà lọ sí kíláàsì nígbà tí èso mẹ́rin pọ́n lórí rẹ̀. Mo gbé e ka orí tábìlì, n kò ya àwòrán kankan ní ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè rìn wá síwájú, ó fọwọ́ kan ewé rẹ̀, ó sì gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Sà, n kò mọ̀ pé ewé rẹ̀ ní òórùn.” Mo ní, “Èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìkòkò kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín sí. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́wàá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn ín, ọjọ́ tí ó hù, àti ọjọ́ tí ó tanná sínú ìwé. Bí ti àkọ́kọ́ bá kú, ẹ wá ìdí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tún gbin òmíràn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ó dìgbà kan ná o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ wa mú èso jáde.